Ilẹ̀kùn Mọ́tò Kọ́

Wẹ́sìdeè, 11 Júùnù 2025

Jagunlabí dé lónìí!

Máṣíìnì ìlapákó. Tèmi. Nínú ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Agége, kì í ṣe nílé-iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìlúpéjú ló ti wá, nílé-iṣẹ́ kan tí mo ti ń bá wọn kan àga àti bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó kógbá wọlé. Wọ́n ń ta ẹrù wọn, mo ní bí mi ò bá mú nǹkan míì, màá mú èyí. Àwọn géńdé tó gbé e wọlé ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tábìlì irin gbàǹgbà, eyín ẹ̀ yọrí láàárín, ó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò, ó ń dán. Mo sọ ọ́ ní Jagunlabí nítorí ó jọ ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Aláúsá ti ibi iṣẹ́ dé, ó yí i po, ó ní, "Sùlíyá, o ti fẹ́ ọkọ míì lé mi lórí nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí.

(Muhydeen ni ọkọ mi ń jẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Aláúsá, ibẹ̀ náà ni ọkàn ẹ̀ máa ń wà tó bá ń jẹun nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Lójú ayé, "ẹ" ni mo ń bá a sọ. Inú ìwé yìí nìkan ló ti di "ó". Ìwé ò lè rojọ́ mi.)

Yẹ́misí àti àwọn àbúrò ẹ̀ ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà láti ọjọ́ Iléyá. Ilé pa rọ́rọ́. Àsìkò iṣẹ́ nìyí.

Jímọ̀, 13 Júùnù

Pákó. Pákó. Pákó. Èyí tí ayùn ọwọ́ máa fi odidi òwúrọ̀ là, Jagunlabí ti là á kí omi tíì tó hó. Ariwo ẹ̀ ṣì ń dún létí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ariwo tó dùn.

Sátidé, 14 Júùnù

Nùréènì wá wo Jagunlabí. Káfíńtà ẹgbẹ́ wa ni, òpópó tó wà lẹ́yìn tiwa ló ń gbé, ẹ̀yìnkùlé lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Máṣíìnì tiẹ̀ kéré sí tèmi. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ ra pákó lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pín in sí méjì. Òjò ti pa pákó náà dáadáa, kò tíì gbẹ.

Ó rí i pé mo ti yọ ìbòrí Jagunlabí: ike kan tó máa ń bo eyín ẹ̀. Apá irin kan náà ló gbé òun àti irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn eyín. Bí o bá yọ ọ̀kan, èkejì ti bá a lọ. Mo ní kì í jẹ́ kí n rí ojú ìlà. Ìyẹ̀fun pákó á bò ó, á dà bí ẹni ń ṣiṣẹ́ nínú kùrukùru.

Nùréènì ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí Káfíńtà. Èmi náà á lọ yọ tèmi."

Àǹtí Káfíńtà ni gbogbo wọn ń pè mí. Inú mi máa ń dùn sí i, mi ò kàn kì í fi hàn.

Sátidé, 21 Júùnù

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún mi ò sí mọ́.

Sọ́ńdè, 22 Júùnù

Ọwọ́ òsì ń wọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kó máa wọ́. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Wẹ́sìdeè ni. Òjò dá, oòrùn yọ díẹ̀. Mò ń la pákó fún kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ìyàwó tuntun kan. Pákó náà tutù. Mo mọ̀ pé ó tutù: tí o bá fọwọ́ kàn án, bí ara ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òjò wọlé ló rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń tì í lọ. Ó kù díẹ̀ kó parí. Ohùn Jagunlabí yí padà. Ó ti ń kọrin látàárọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Mo gbọ́ ọ. Mo ní kò sí nǹkan kan, ó kù díẹ̀. Mo tì í le sí i.

Pákó tí ọwọ́ mi fara tì ta padà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ gbá ògiri. Ọwọ́ mi ò ta padà. Ọwọ́ mi ń lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kò dùn mí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù títí di ìsinsìnyí. Kò dùn mí rárá. Mo kàn rí nǹkan pupa lórí tábìlì, mo ń bi ara mi pé ta ló da ọ̀dà sórí iṣẹ́ mi. Mo wá wo ọwọ́ mi. Mo gbójú kúrò. Mo tún wò ó, mo ń retí pé ìka náà á ti padà síbẹ̀.

Máṣíìnì ṣì ń yí. Mi ò rántí pé wọ́n ń pa á.

Ìyá Bùsọ́lá ló pa á. Ará ilé wa ni, òun àti ọkọ ẹ̀ Reuben ló ń gbé yàrá iwájú. Reuben náà, káfíńtà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì. Aládùúrà ni wọ́n. Ìyá Bùsọ́lá ń lọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí pákó gbá ògiri, ó sáré jáde tàmùrè-tàmùrè lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó fa wáyà yọ, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fi àmùrè yẹn dì í. Ó dì í le débi pé ìgbà yẹn gan-an ni mo tó ké. Àmùrè funfun gbòò. Kò funfun mọ́.

Ó ní, "Ìyá Yẹ́misí, níbo ni ìyókù wà?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bèèrè.

Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tú ìyẹ̀fun pákó. Ó rí i.

Mọ́ńdè, 23 Júùnù

Dókítà ní kò ṣeé rán padà. Ọmọdé ni, oorun ń kun ojú ẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, bóyá. Ó ní èyí kò gé e, ó jẹ ẹ́ ni. Orí ìka àárín náà ti lọ. Wọ́n rán ìyókù.

Ó jẹ ẹ́.

Aláúsá gba ọ̀rá kékeré lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé e wálé. Lọ́jọ́ kejì ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sin ín, ó ṣàdúà díẹ̀. Mò ń wò ó lójú fèrèsé. Apá kan lára mi ti wọlẹ̀ ṣáájú mi. Ó ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bo ọmọ tó ń sùn. Ó fọwọ́ nu ojú. Kò mọ̀ pé mo rí òun.

Wẹ́sìdeè, 25 Júùnù

Irọ́ náà.

Ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé kí ló ṣe mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lanu ni, Aláúsá ti dáhùn: "Ilẹ̀kùn mọ́tò." Dókítà wo ọwọ́ mi, ó wo Aláúsá, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tá a délé ló ṣàlàyé. Ó ní àwọn ẹbí òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé irú iṣẹ́ wo nìyàwó òun ń ṣe yìí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé máṣíìnì ni, òun ò ní gbádùn láéláé. Àwọn oníbàárà náà ńkọ́? Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún káfíńtà tí kò lè ṣọ́ ìka ara ẹ̀?

Mo ní ó dáa. Kì í ṣe tìtorí tiẹ̀ nìkan. Ojú ń ti èmi náà. Láti gbogbo ọdún yìí wá tí mo ti ń dá dúró láàárín àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, wọ́n á kàn ní, ṣé ẹ rí i, a ò sọ bẹ́ẹ̀?

Mo bẹ Ìyá Bùsọ́lá. Ó ní òun ò ní tú u fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi òun lójúkojú, òun ò ní parọ́.

Nùréènì wá kí mi lónìí, ó gbé ọsàn dání. "Ẹ kú ewu o, Àǹtí Káfíńtà. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Ilẹ̀kùn mọ́tò.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àlùhamdulilà. Ẹ̀rù ti ń bà mí, mo rò pé máṣíìnì ni. Mo ti yọ ìbòrí tèmi bí ẹ ṣe ṣe, ó sì ti mọ́ mi lára báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó lọ. Mi ò pè é padà.

Jímọ̀, 27 Júùnù

Ìrun ọ̀sán. Mo dé ìjókòó àtàyá, ó kan ibi tí à ń na ìka ìfábẹ̀lá láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni. Mo nà án. Mo mọ̀ ọ́n lára pé mo nà án, bí mo ṣe ń nà án láti kékeré. Mo bojú wolẹ̀. Báńdéèjì.

Gbogbo ohun tó yẹ kí n kà pa rẹ́ lórí mi. Mi ò sálámà. Mo kàn jókòó sórí ẹní títí Aláúsá fi ti mọ́ṣáláṣí dé.

Sọ́ńdè, 29 Júùnù

Mo lọ sẹ́yìnkùlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹnì kan ti gbálẹ̀ díẹ̀. Pákó ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́bàá ògiri níbi tó bọ́ sí, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo gbé e. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e sórí itan, mo ń wò ó.

Ojú ibi tí mo là ti padé. Eyín máṣíìnì gba inú ẹ̀ kọjá, ó yẹ kí àlàfo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti fara mọ́ra bí ẹnu ẹni tó ń bínú. Mo ti ọ̀bẹ ìdáná bọ̀ ọ́. Kò wọlé.

Mo wá rí i. Pákó tútù máa ń padé bí a bá ṣe ń là á. Ó padé mọ́ eyín Jagunlabí látẹ̀yìn, eyín gbé e sọ. Irin pẹlẹbẹ tí mo yọ dànù yẹn, tí mo rò pé ohun tó gbé ìbòrí dúró lásán ni — iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wà nínú àlàfo náà, kí pákó má lè padé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ìbòrí ì bá sì ti dá ọwọ́ mi dúró. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì yẹ kí n fi ti òpin pákó yẹn, kì í ṣe ọwọ́. Mo sì gbọ́ ọ nígbà tó ń kérora!

Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Kò sí ayé níbẹ̀. Mo yọ irin kan, mo la pákó tútù, mo fọwọ́ tì í. Bó ṣe rọrùn tó ló bà mí lẹ́rù.

Irin náà wà nínú garawa pẹ̀lú àwọn ìṣó. Ìdọ̀tí ti bò ó.

Ó yẹ kí n sọ fún Nùréènì. Ìdajì pákó yẹn wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Lọ́la.

Túsìdeè, 1 Júláì

Òjò. Ọwọ́ ń ro mí. Mi ò lọ.

Àlàmísì, 3 Júláì

Nùréènì. Yéè. Nùréènì náà.

Jímọ̀, 4 Júláì

Ọsibítù kan náà. Kọ́rídọ̀ kan náà. Òórùn Ìzàl kan náà.

Fàúsát, ìyàwó ẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá àwọn tó wá kí wọn lóhùn: "Gíláàsì fèrèsé ló já lù ú." Ẹni yìí dé, gíláàsì fèrèsé. Ẹni tọ̀hún dé, gíláàsì fèrèsé. Ojú ẹ̀ ti wú. Nígbà tó kàn mí, kò lè wò mí lójú, ó ń wo báńdéèjì ọwọ́ mi.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀ tiẹ̀. Àtàǹpàkò ló kù, àti ọmọdinrin. Àárín wọn ò sí. Mo mọ etí ọgbẹ́ náà. Mo ń rí i lójoojúmọ́ ayé. Gíláàsì kì í jẹ èèyàn báyẹn.

Fàúsát jáde lọ ra omi. Mo tẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo ní, "Nùréènì, máṣíìnì ni."

Ó yíjú sí ògiri.

Mo ní, "Tèmi náà, máṣíìnì ni. Ilẹ̀kùn mọ́tò kọ́."

Mo rò pé abẹ́rẹ́ ti mú un sùn. Kò yíjú padà, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò bá ti sọ fún mi."

Kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo.

Sátidé, 5 Júláì

Ẹ ò bá ti sọ fún mi.

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Mi ò sùn dáadáa. Ọwọ́ àwọn èèyàn ni mò ń rí.

Reuben — àtàǹpàkò òsì ẹ̀ kúrú. Ó ní báńgà ọdún Kérésì ló já a nígbà tóun wà lọ́mọdé. Alága-onírọ̀gbọ̀kú, ẹni tó ń kan àga ìrọ̀gbọ̀kú lọ́nà Dopemu — ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí òun. Ọ̀gbẹ́ni Moses tó ń kan ilẹ̀kùn — ajá. Ajá ló gé orí ìka méjì, tó gé wọn gún régé báyẹn? Láti ọdún mélòó kan ni mo ti ń bọ àwọn ọwọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́. Mo gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Káfíńtà ni gbogbo wọn, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo sọ fún Aláúsá pé màá lọ sọ òtítọ́ nípàdé ẹgbẹ́ káfíńtà. Ó dìde. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo Agége mọ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kí gbogbo Agége mọ̀."

Mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní mo fẹ́ ba ara mi lórúkọ jẹ́, mo fẹ́ ba òun náà jẹ́ mọ́ ọn. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá sọ ohun tí Nùréènì bá ògiri sọ fún un.

Ó jókòó. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde. Ilẹ̀kùn mọ́tò. Èmi ni mo sọ ọ́."

Kò jẹun alẹ́. Èmi náà ò jẹ.

Wẹ́sìdeè, 9 Júláì

Mo lọ bá Bàbá Làsísì. Àwọn ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, àwọn náà sì ni alága ẹgbẹ́ wa. Èmi nìkan lobìnrin tí wọ́n kọ́. Nígbà táwọn ọkùnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, pákó ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin."

Mo kúnlẹ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀: ìbòrí, irin, pákó tútù, irọ́, Nùréènì. Wọ́n gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìka kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ọgbẹ́ káfíńtà, abẹ́ aṣọ ló ń gbé. Tí oníbàárà bá rí i, ó ti bọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ìka Nùréènì ló bọ́ o."

Ojú wọn yí padà. Mo rò pé mo ti rí wọn fín. Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní kí wọ́n ṣáà lọ wò ó ná kí wọ́n tó sọ pé rárá. Mo dìde, mo lọ.

Jímọ̀, 11 Júláì

Bàbá Làsísì lọ wo Nùréènì. Fàúsát ló wá sọ fún mi. Ó ní wọ́n jókòó tì í, wọ́n kàn di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú látorí aṣọ.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n ránṣẹ́: ìpàdé, lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lẹ́yìnkùlé mi.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

Jẹ́ kí n kọ ọ́ kó má sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn Mùsùlùmí ti kírun, àwọn Aládùúrà ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ tààrà, Reuben ṣì wọ sùtánà, ó gbé bàtà lọ́wọ́. Aláúsá fúnra ẹ̀ ló to bẹ́ńṣì. Àwọn kan ń bú sí ẹ̀rín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àsè òpin ọdún la fẹ́ sọ.

Bàbá Làsísì ní, "Sùlíyá ní ọ̀rọ̀." Wọ́n jókòó.

Mo dúró lẹ́bàá Jagunlabí. Mo tú báńdéèjì. Ọwọ́ òsì ni mo fi tú u, kò tètè tú, Aláúsá fẹ́ wá ràn mí lọ́wọ́, mo mi orí fún un. Nígbà tó tú tán, mo gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì irin.

Mo ní, "Mo sọ fún yín pé ilẹ̀kùn mọ́tò ni. Ilẹ̀kùn mọ́tò kọ́. Èyí ni." Mo fi hàn wọ́n. Mo gbé pákó ọjọ́ náà sókè, mo jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Mo fi irin pẹlẹbẹ hàn wọ́n. Mo sọ bó ṣe kérora àti bí mo ṣe tì í le sí i. Mo ní mo mọ gbogbo èyí ṣáájú kí ti Nùréènì tó ṣẹlẹ̀. Mo ní lọ́la, lọ́la ni mò ń sọ, ojú ń tì mí.

Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún lójúlé kejì. Mo ní ó ti parí, wọ́n á lé mi nínú ẹgbẹ́.

Reuben dìde. Ó wá, ó gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àtàǹpàkò kúkúrú yẹn. Ó ní, "Báńgà kọ́."

Ìyá Bùsọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó bo ẹnu. Ìyàwó ẹ̀ ni o! Òun náà ò mọ̀.

Moses dìde. "Ajá kọ́." Alága-onírọ̀gbọ̀kú dìde, ó ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: "Wọn ò bí mi bẹ́ẹ̀." Wọ́n ń bọ̀. Àwọn tí mi ò fura sí rárá ń bọ̀. Àwọn tó ń fi ọwọ́ sápò láti ọdún yìí wá. Ọwọ́ lé ọwọ́, títí tábìlì ò fi gbà wọ́n mọ́, àwọn kan ń na tiwọn láàárín èjìká ẹlòmíì. Mo gbìyànjú láti ka ìka tó kù. Mi ò kà á dé ibì kan.

Wọ́n wá ń sọ ọ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbòrí tí mo yọ. Ìbọ̀wọ́ tí mo wọ̀ tó fà mí wọlé. Wọ́n pè mí, mo wẹ̀yìn. Pákó tútù. Pákó tútù. Ohun kan náà ni, ohun kan náà ṣáá, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun nìkan ni òmùgọ̀.

Bàbá Làsísì ò tíì kúrò lórí ìjókòó. Ọwọ́ wọn méjèèjì pé, gbogbo wa la mọ̀, àwọn la fi ń búra. Wọ́n dìde. Wọ́n ká bùbá sókè níwájú gbogbo wa. Àpá kan gba ikùn wọn kọjá, ó ki bí okùn. Ọdún tí wọ́n pẹ́ lọ́sibítù, tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìpákè ni wọ́n ní àwọn lọ ṣe. A gbé ẹja lọ kí wọn.

Wọ́n ní, "Pákó ni. Ó ta padà, ó bá mi níbí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo kọ́ yín, mi ò sọ." Ohùn wọn já. "Mo kọ́ yín ní gbogbo nǹkan, mi ò kọ́ yín ní èyí."

Mo ti mọ bàbá yìí láti ìgbà tí mi ò tíì lè di òòlù mú dáadáa. Mi ò rí omi lójú wọn rí.

Bá a ṣe wà nìyẹn tí géètì fi dún. Fàúsát ló ṣí i. Nùréènì wà lẹ́yìn ẹ̀, apá ẹ̀ nínú ọ̀já tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó pè é, kò tiẹ̀ yẹ kó jáde nílé. Wọ́n yà fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ tábìlì, ó wo gbogbo ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára. Ó wo èmi. Mi ò lè sọ ohun tó wà lójú ẹ̀.

Ó ní, "Gíláàsì kọ́." Ó yí padà, ó ń lọ.

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Mọ́ńdè, 14 Júláì

Ilẹ̀ mọ́, àdúgbò dákẹ́. Kò sí máṣíìnì kan tó dún. Mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ, mo gbójú sókè, fáànù ń yí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní mo ti lé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Mo wá gbọ́ òòlù. Ọ̀kan lápá ibí, òmíràn lọ́hùn-ún, òmíràn lókè. Òòlù, àti ayùn ọwọ́. Mo jáde sójú títì. Ṣọ́ọ̀bù Reuben ni mo kọ́kọ́ dé: ó ti gbé máṣíìnì ẹ̀ kalẹ̀, ó ń kan ìbòrí sí i, ó fi eyín di ìṣó mú, kò lè kí mi. Moses ń wá irin pẹlẹbẹ tiẹ̀ nínú àwọn àlòkù, ó ń bú ara ẹ̀. Bàbá Làsísì jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù alága-onírọ̀gbọ̀kú, wọ́n ń júwe pẹ̀lú ọ̀pá.

Mo padà délé, Fàúsát ń dúró dè mí. Mo mú ara gírí. Ó ní Nùréènì ò sùn. Ó ní láti ìdájí ló ti jókòó sídìí máṣíìnì ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbìyànjú láti dá ìbòrí padà sí i, àbúrò ẹ̀ ló máa lo máṣíìnì náà báyìí. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ní kí n wá pè yín. Ó ní kí Àǹtí Káfíńtà wá wò ó bóyá ó dúró dáadáa, kí wọ́n tó tan iná sí i."

Mo ti wọ bàtà. Mò ń lọ.